Inú Géèmù Ni Mo Ti Rí Ìran Náà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè lórí ẹní yín. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe èyí tí èèyàn ń nàró sọ. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, àwọn obìnrin tó lè bí mi lọ́mọ ló ń kúnlẹ̀ kí mi nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa ní Ugbuwangue, létí omi Warri níbí. "Ìyá Aríran, ẹ rántí mi nínú àdúrà o." Èmi tí n kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún! Bí wọ́n bá ti kúnlẹ̀ báyìí, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kí n kó sí i. Wọ́n rò pé Ọlọ́run fi ohun ìjìnlẹ̀ hàn mí. Inú géèmù ni mo ti rí i, ẹ̀yin ará, géèmù tí àwọn ọmọdé ń tẹ̀! Nítorí ohun tí mo rí nínú géèmù yìí, wọ́n ti lé ìyá arúgbó kan tó fẹ́ràn mi bí ọmọ inú rẹ̀ jáde nínú ilé, wọ́n sì ti fi orúkọ àjẹ́ lé e lẹ́yìn. Ta ni mo lè bínú sí bí kì í ṣe ara mi?

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀ kó lè yé yín. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé o. Ìlàjẹ ni wá, iṣẹ́ ẹja ló gbé bàbá mi wá sí Warri, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí wa sí. Nígbà tí bàbá mi kú, kò sí ẹni tó máa rán mi nílé ìwé mọ́, ni màmá mi bá fà mí lé ọ̀gá kan lọ́wọ́ ní Ovwian pé kí n kọ́ṣẹ́. Fáànù, ẹ̀rọ tó ń fa omi, jẹnẹrétọ̀, bí wáyà inú wọn bá ti jóná, èmi ni mo máa ń tú u, tí mo sì máa ń fi ọwọ́ yí òmíràn sí i. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí, òdìkejì ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wà. Àwọn ọkùnrin máa ń dé, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á ní, "Where your oga?" Màá ní, "Na me be the oga." Wọn ò ní gbà, àfìgbà tí fáànù bá yí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ńṣe ni wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Àwọn ìyá á ní, "Ọmọ yìí, ta ló máa fẹ́ ọ pẹ̀lú ọ̀rá ẹ́ńjìnnì léèékánná?" Bí mo bá dìde láti sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé àwọn obìnrin, Ìyá Ìjọ á ní kí n jókòó, kí àwọn tó lọ́kọ kọ́kọ́ sọ tiwọn. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn mí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ojú ihò yẹn ni ọ̀rọ̀ burúkú gbà wọlé sí mi lára.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni Ìyá Tọ́pẹ́. Opó ni màmá yìí, apẹja ni ọkọ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Tọ́pẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gabon, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ló fún màmá yìí ní yàrá kan lẹ́yìn ilé ìdáná, ẹnu géètì ló sì ti ń ta ṣóbò, omi pupa tí wọ́n ń sè láti ara ìṣápá. Kò sí ọmọ Ugbuwangue tí kò mọ ṣóbò rẹ̀. Ata ilẹ̀ inú rẹ̀ á ta ọ́ lọ́fun, wàá sì tún fẹ́ sí i. Lọ́sàn-án gangan tí oòrùn bá mú, á sọdá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ife kan. "Ọma mi, gbà, mu ún. Iná tí o ń dá síbí yìí á gbẹ ọ́ bí ẹja." Ọma ni àwa Ìlàjẹ máa ń pe ọmọ. Á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, á máa wo ọwọ́ mi bó ṣe ń yí wáyà, á ní iṣẹ́ mi kò yàtọ̀ sí àwọ̀n tí ọkọ òun máa ń hun. Ẹni tó fi ojú ọmọ wò mí nìyẹn.

Lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá yìí, ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ kan wá. "Sister, abeg help me check am. E just off, e no gree on again." Mo ní kì í ṣe iṣẹ́ mi, ó ní ṣebí iná kan náà ni. Ó fi í sílẹ̀, kò sì padà wá títí di òní. Nígbà tó yá tí iṣẹ́ dẹ̀, mo tú u wò. Ibì kan ló ti jóná nínú rẹ̀, mo pààrọ̀ rẹ̀, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré inú ṣọ́ọ̀bù. Díìsìkì tó wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí dùùrù ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe dún báyìí, gbogbo irun ara mi dìde. Mo mọ orin yẹn! Géèmù tí èmi àti bọ̀dá mi máa ń tẹ̀ nígbà tí a wà ní kékeré ni!

Ahéré onípákó kan ló wà lẹ́yìn ilé wa nígbà náà tí wọ́n ti ń tẹ géèmù, ooru inú rẹ̀ dà bí ti ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja. Bọ̀dá mi á mú páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù lọ́wọ́, èmi á jókòó tì í, iṣẹ́ tèmi ni pé kí n pariwo bí ọ̀tá bá ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan ni akọni inú rẹ̀, àtùpà lọ́wọ́ kan, àáké lọ́wọ́ kejì. Ó ń wọ ilé òkúta kan lọ lórí òkè, ilé tí àwọn òkú tí kò gbà pé àwọn kú ń gbé, tí wọ́n máa ń jáde nínú pósí wọn láti mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Fámpáyà ni àwọn òyìnbó ń pè wọ́n. Àdán á máa já bọ́ láti òkè àjà bí èso tó pọ́n. Ní yàrá tó gbẹ̀yìn pátápátá, obìnrin àgbà kan jókòó nídìí tábìlì gígùn, aṣọ pupa ló wọ̀, ife wúrà ló gbé dání, ẹ̀jẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ìyá Pupa ni àwa méjèèjì sọ ọ́. A ò pa á rí! Bó bá ti dìde lórí àga, èmi á fi gáùn bojú, bọ̀dá mi á pariwo, "Mumu, open your eye now!" Ibẹ̀ ni a máa ń kú sí. A óò wá di ara wa lọ́wọ́ mú, a óò sáré wọlé, a ò ní lè bojú wo ojú omi tó ti ṣókùnkùn lẹ́yìn ilé.

Wàyí o, èmi ni mo mú páàdì. Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí padà! Ilé tó ga bí òkè lójú mi láyé ọjọ́sí, kò ju àwòrán páálí lọ. Àwọn àdán tó máa ń lé mi dójú àlá, bákan náà ni gbogbo wọn ń fò, wọ́n á yí lọ, wọ́n á yí bọ̀, bí fáànù tí irin àárín rẹ̀ ti gbó. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo tiẹ̀ mọ ibi tí ọ̀tá kọ̀ọ̀kan máa gbà yọ kó tó yọ, mo sì ń pariwo sí ara mi, "Ẹ̀yìn rẹ! Ẹ̀yìn rẹ!" bí ìgbà tí bọ̀dá mi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Pupa, tirẹ̀ kò dín kù. Ó ṣì ń pa mí. Ni mo bá búra pé lọ́dún yìí màá pa á. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀. Màá jí, màá tẹ̀ ẹ́ kí n tó fọ ẹnu. Màá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án bí ẹni pé mo jáde. Bí mo bá di ojú láti gbàdúrà oúnjẹ, aṣọ pupa yẹn ni màá rí.

Ní àkókò yẹn gan-an ni ara ọmọ Sister Bùnmi nínú ìjọ wa kò yá. Ìfẹ́ ni orúkọ ọmọ náà, ọmọ tó máa ń sáré kiri àárín ìsìn. Ó funfun, ó rù, ilé ìwòsàn ní ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò tó, wọ́n ṣì ń wá ohun tó fà á. Ṣọ́ọ̀ṣì kéde ààwẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ ìṣe àwa aláṣọ funfun, a ní ibì kan tí à ń pè ní Ilẹ̀ Àánú, yanrìn ni wọ́n dà síbẹ̀, wọ́n sì ṣọgbà yí i ká. Láìwọ bàtà ni a máa ń wọ ibẹ̀ pẹ̀lú sùtánà, a óò dọ̀bálẹ̀ lórí yanrìn, a óò máa ké pe Ọlọ́run. Bí ẹ̀mí bá gbé ẹnì kan, àwọn yòókù á pagbo yí i ká kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ má bọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Wẹsidé yẹn, mo ti tẹ géèmù láti ìdájí títí agogo ìsìn fi lù. Ebi ń pa mí, oòrùn ń jó ẹ̀yìn mi, yanrìn sì móoru lábẹ́ àyà mi. Ẹ̀yin ará, oorun ló gbé mi lọ. Oorun lásán! Mo bá ara mi nínú ilé òkúta yẹn, n kò sì mọ̀ pé ẹnu mi ń sọ̀rọ̀ síta. Ọwọ́ Ìyá Ìjọ ló jí mi, ó di èjìká mi mú, agogo sì ń dún lẹ́bàá etí mi.

"Máa sọ ọ́, ọmọ mi! Má gbé e mì! Obìnrin wo?"

Oorun ò tí ì dá lójú mi. Mo ní, "Obìnrin àgbà. Aṣọ pupa. Ó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ife."

"Hòsánà!" Gbogbo wọn hó yèè.

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?" Wòlíì àgbà wa ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"N kò mọ̀. Àdán ń fò lórí ẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ Ìfẹ́ ni! Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ni!" Sister Bùnmi ké, ó ṣubú lulẹ̀.

Igbe yẹn ló la ojú mi pátápátá. Mo wò yíká. Gbogbo wọn ló ń wò mí, ọkùnrin, obìnrin, àgbà ìjọ. Ìyá Ìjọ tó máa ń ní kí n jókòó, omijé wà lójú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu yanrìn kúrò níwájú orí mi. Ìgbà wo ni ẹnì kan ti dákẹ́ tẹ́tí sí mi rí nínú ọgbà yẹn? Ó yẹ kí n sọ pé, "Ẹ má bínú, mo sùn lọ ni." Ẹ wo bí gbólóhùn yẹn ṣe kúrú tó! Wòlíì wá tẹ̀ ba, ó ní, "Kí lo tún rí, Ìyá Aríran?" Bó ṣe pe orúkọ yẹn, orí mi wú. Mo di ojú padà. Mo ní, "Àpótí gígùn kan. Inú yàrá rẹ̀ ló wà." Oorun kọ́ ló sọ ìyẹn o. Èmi ni. Ojú mi ti là kedere nígbà tí mo sọ ọ́.

Kò pẹ́ rárá. Obìnrin kan bèèrè láti ẹ̀yìn pé, "Ta ló ń fi ife bu ohun pupa fún àwọn ọmọ wa?" Gbogbo orí yí sí ẹnu géètì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ ọ, mo sì mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ti dé yàrá Ìyá Tọ́pẹ́ kí n tó dìde. Lóòótọ́, àpótí onípákó kan wà níbẹ̀ tó gùn bí ènìyàn, èyí tí ọkọ rẹ̀ kàn láti máa kó àwọ̀n sí. Mo ti wọ yàrá yẹn rí nígbà tí mo lọ tún fáànù rẹ̀ ṣe. Títí di òní, n kò lè sọ bóyá pósí inú géèmù ni mo ní lọ́kàn tàbí àpótí tí ojú mi ti rí níbẹ̀. Màmá ní, "Ẹ ṣí i, àwọ̀n ọkọ mi ni." Wọ́n ṣí i, àwọ̀n ni wọ́n bá. Ẹnì kan ní, "Ẹ ò rí i? Àwọ̀n tó fi ń mú àwọn ọmọ nìyẹn!" Kí lèèyàn fẹ́ fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ irú ọ̀rọ̀ báyẹn? Wọ́n da ìkòkò ṣóbò nù, yanrìn ẹnu ọ̀nà pọ́n bí ibi tí wọ́n ti pa ẹran. Àwọn ọmọ tó ń bẹ̀ ẹ́ fún èènì lánàá ń pariwo, "Mama witch! Mama witch!" Ó rí mi láàárín èrò. Ó ní, "Ọma mi, ṣé lóòótọ́ ni o rí mi?"

Ńṣe ni mo sọ orí kodò.

Ìbátan rẹ̀ kan ní Orhuwhorun ló wá mú un lọ. Ilé ìwòsàn fa ẹ̀jẹ̀ sí Ìfẹ́ lára, ara rẹ̀ yá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láàárín ìsìn. Wọ́n ṣe ìdúpẹ́, wọ́n fún mi ní àmùrè aláwọ̀ sánmà, wọ́n gbé mi jókòó síwájú. Ẹ má rò pé kò dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń tì mí lójú jù. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo pa Ìyá Pupa. Ó ṣubú sórí tábìlì, ife rẹ̀ fọ́, orin dákẹ́. Mo pe bọ̀dá mi tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní Port Harcourt.

"Bọ̀dá mi, mo pa Ìyá Pupa o!"

"You dey lie! Ìwọ tó ń bojú!" Ó rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. "So how you do am?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé, ẹkún ló jáde. Ni mo bá sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìyá Tọ́pẹ́ wa?" ó ní. "Tó máa ń fún wa lẹ́ja nígbà tí bàbá kú? Go tell them. Kí ni o ń dúró dè?"

Mo lọ sí Orhuwhorun ná. Mo bá màmá níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú àwọn ará ilé, mo kúnlẹ̀ sórí èèpo, mo rò ó fún un.

"Kí ni ń jẹ́ géèmù?"

"Eré ni, Màmá. Eré inú tẹlifíṣọ̀n."

"Eré." Ó bó ẹ̀gẹ́ kan tán, ó mú òmíràn. "Nígbà tí mo bi ọ́ léèrè lójú gbogbo wọn, ṣé o ti jí nígbà yẹn?"

"Mo ti jí, Màmá."

"Ó dáa. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ó mi orí pé rárá. "Kí wọ́n tún ní àjẹ́ ti gba aríran? Lọ sọ fún àwọn tó lé mi. Bí wọ́n bá pè mí, màá wá. Bí wọn ò bá pè mí, má wá síbí mọ́, ọma mi. Bí mo bá ń rí ojú rẹ, ó ń dùn mí."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo fi ọ̀rá gbé ẹ̀rọ géèmù náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹlẹ́rìí jáde, mo jáde, mo gbé e sílẹ̀ níwájú ìjọ. Mo ní, "Inú ohun yìí ni mo ti rí obìnrin aláṣọ pupa. Oorun ló gbé mi lọ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ àpótí, ojú mi là nígbà tí mo sọ ọ́. Ìyá Tọ́pẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ mú un wá." Mo rò pé wọ́n máa lù mí, ẹ gbà mí gbọ́, ǹ bá fẹ́ kí wọ́n lù mí. Wòlíì dìde, ó wo ẹ̀rọ náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọlọ́run tó la ẹnu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ṣé kò lè fi géèmù sọ̀rọ̀? Ta ló gbé e wá bá a? Ẹnì kan tí kò padà wá mọ́! Ẹ̀yin ò mọ ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni? Ṣé ara Ìfẹ́ yá àbí kò yá?"

"Ó yá!"

"Ilé ìwòsàn ló fún un lẹ́jẹ̀!" Mo pariwo rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti dá orin, orin náà bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Ìyá Ìjọ gbá mi mọ́ra, ó ń sọ sí mi létí pé, "Ó ti rẹ̀ ọ́ ni. Iṣẹ́ ẹ̀mí máa ń rẹ èèyàn. Ọ̀tá ló ń fẹ́ gba ẹ̀bùn rẹ." Lẹ́yìn ìsìn, kí n lè rí ibi dákẹ́ sí, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn ilé ìdáná lé mi lọ́wọ́. Yàrá Ìyá Tọ́pẹ́. Wọ́n ti kùn ún ní funfun.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n tún ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Òtítọ́ tèmi lé e bá o, irọ́ ni kò dúró! Ẹ̀yin tó ń kà á, bí wọ́n bá ń yìn yín fún ohun tí ẹ kò ṣe, ẹ tètè sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹnu yín tó di ẹnu ẹlòmíràn. Bí mo bá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí, wọ́n á ní àjẹ́ ló lé mi, ẹ̀ṣẹ̀ Ìyá Tọ́pẹ́ á di méjì. Bí mo bá dúró, ìkúnlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń kúnlẹ̀ fún mi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. N kò sì lè padà lọ sí Orhuwhorun, nítorí n kò rí ìpè kankan gbà lọ́wọ́ ìjọ láti mú lọ fún un. Ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, torí ìyàwó kan wá bá mi lánàá, ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó ní kí n bá òun wo ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Ó ti dárúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ kí n tó la ẹnu. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí n ṣáà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní n kò rí nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ní òun ò ní dìde àfi bí mo bá tún un wò.